Ọkọ̀ ń gbóná jù: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe látìgbà tí gáàjì bá ti gbéra

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Gáàjì ìgbóná ọkọ̀ mi ń gòkè, ṣé kí n rọra máa wà á lọ délé ni àbí kí n dúró?" Ẹ dúró. Ìdáhùn náà nìyẹn. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ kọ síbí ni bẹ́ ẹ ṣe máa dúró láìfara pa, bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tó fà á, àti ohun tí ẹ lè máa ṣe kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an ni, torí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó kú torí ìgbóná, kì í ṣe ìṣòro tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló pa á, rọ́bà kékeré kan ló ya tàbí fáànù ni ò yí mọ́, ohun tí kò le láti tún ṣe, àmọ́ ìwọ̀nba ìrìn tí ẹni tó ń wà á fi kún un lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti wọ pupa ló sọ ọ́ di ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní láti tú palẹ̀.

Kí ni gáàjì yẹn ń sọ?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń ṣiṣẹ́ láàárín nǹkan bíi 90°C sí 105°C, abẹ́rẹ́ á sì dúró sáàárín tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí tiẹ̀ máa ń dúró sí, ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, kó lè jẹ́ pé tó bá ti kúrò níbẹ̀ lẹ ó ti fura, ẹ má dúró dìgbà tó bá kan ìlà pupa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí abẹ́rẹ́ yẹn, á máa dì í mú sáàárín bí ìgbóná bá tiẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀, nígbà tó bá wá kúrò níbẹ̀, á yára fò sókè ni. Ìyẹn ni pé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i tó sún, ọ̀rọ̀ ti le.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn ò ní abẹ́rẹ́ rárá, iná ni wọ́n ní: aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, pupa túmọ̀ sí pé ó ti gbóná jù. Iná pupa yẹn kì í ṣe ìkìlọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀ o, ó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà míì àwọn àmì kan á ti ṣáájú gáàjì:

- AC ṣàdédé ò tutù mọ́ (kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń pa AC fúnra rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù)
- òórùn kan tó dà bí nǹkan dídùn tó ń jó
- fáànù ń pariwo láìdákẹ́
- ọkọ̀ ò lágbára mọ́ tẹ́ ẹ bá tẹná
- hítà ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná

Ẹ fi ti ìkẹyìn yẹn sọ́kàn. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé kúláǹtì (omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára) ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé tí kúláǹtì bá ti tán pátá, ohun tó ń wọn ìgbóná fún gáàjì ò ní sí nínú omi mọ́, abẹ́rẹ́ lè padà wálẹ̀ bí ẹni pé ara ọkọ̀ ti yá, ẹni tí ò mọ̀ á ní ọpẹ́ o, á máa wà á lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ́wọ́.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Tó bá jẹ́ pé iná pupa ti tàn, tàbí èéfín funfun ti ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí ẹ́ńjìnnì ti ń kan kọ́kọ́kọ́, ẹ fo ìgbésẹ̀ 1 sí 3, ìgbésẹ̀ 4 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ pa AC. Ẹrù tó ń gbé lórí ẹ́ńjìnnì á fúyẹ́.
2. Ẹ ṣí hítà dé òpin, ẹ gbé fáànù inú ọkọ̀ sókè pátápátá, kẹ́ ẹ ṣí gbogbo wíńdò. Mo mọ̀ pé ooru á mú yín, àmọ́ bíi rédíétọ̀ (ohun iwájú ọkọ̀ tó ń tu kúláǹtì lára) kékeré ni hítà náà jẹ́, inú rẹ̀ ni kúláǹtì gbígbóná ń gbà kọjá, gbogbo ooru tó bá fẹ́ sí yín lójú, ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń kúrò.
3. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí iná. Tó bá jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ wà, ẹ bọ́ ọ sí níútírà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ààyè wà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ̀ iwájú, ẹ má máa fà á tẹ̀lé wọn ní ìdajì ẹsẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.
4. Ẹ tan iná hasáàdì, kẹ́ ẹ wá ibi tó dáa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe orí kọ́ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹ̀yìn ò ti ní rí yín. Ẹ má gbé e sórí koríko gbígbẹ torí sálẹ́ńsà abẹ́ ọkọ̀ gbóná débi pé ó lè dáná sun ún.
5. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì.
6. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ò ti ń kọjá, kí wọ́n lọ dúró jìnnà sí títì, tí irin ìdènà bá wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀yìn irin yẹn ni kí wọ́n wà. Ẹ má dúró sáàárín ọkọ̀ yín àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ láé.
7. Ẹ gbé àmì onígunmẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tó jìnnà tó kí ẹni tó ń bọ̀ ráyè tẹ bíréèkì. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń sáré gan-an, ẹ̀mí yín ṣe pàtàkì ju àmì lọ, tí kò bá sí ààyè láti rìn dé ẹ̀yìn, ẹ fi í sílẹ̀.
8. Tí èéfín bá ń jáde, ẹ má fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì títí á fi dáwọ́ dúró. Tí kò bá sí èéfín, ẹ lè ṣí i kí ooru lè jáde, àmọ́ ẹ má gbé ọwọ́, ìwérí tàbí ṣéènì ọrùn sún mọ́ fáànù, torí fáànù oníná lè ṣàdédé yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.
9. Ẹ dúró. Ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú, ó sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èéfín funfun tó ń pòórá sínú afẹ́fẹ́ jẹ́ omi tó ń hó. Èéfín dúdú, tàbí òórùn rọ́bà tó ń jó, ìyẹn lè jẹ́ iná, ẹ sá jìnnà, kẹ́ ẹ pe àwọn panápaná, ẹ má padà wá mú báàgì kankan.

Ìdérí rédíétọ̀: ibi tí èèyàn ti ń jóná

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí torí ó ti ba ojú àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Omi lásán máa ń hó ní 100°C. Àmọ́ inú rédíétọ̀ dé pa, ìdérí yẹn sì ń há ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó tó nǹkan bíi 15 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀), ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí kúláǹtì tètè hó, àdàlù kúláǹtì àti omi lọ́gbọọgba lábẹ́ ìdérí bẹ́ẹ̀ lè dé nǹkan bíi 129°C kó tó hó. Wàyí o, ẹ ṣí ìdérí yẹn nígbà tó gbóná. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi gbígbóná yẹn á hó lójijì, á sì tú jáde sí ẹni tó dúró lé e lórí. Aṣọ tí wọ́n ká mọ́ ọwọ́ ò lè dá a dúró.

- Tí rọ́bà họ́ọ̀sì òkè ṣì gbóná débi pé ọwọ́ ò lè gbà á, tàbí ó le gbagidi tẹ́ ẹ bá fún un, ẹ má ṣí nǹkan kan.
- Ike kúláǹtì tó ń fi omi hàn láti ìta náà máa ń ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òfin kan náà ni.
- Nígbà tó bá tutù, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, ẹ gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró gbọ́ bóyá ó ń dún ṣíìì. Tó bá dún, ẹ jẹ́ kó dún tán kẹ́ ẹ tó yí i dé òpin.

Bíbu kúláǹtì sí i

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Omi kan ń kán àbí kò kán? (Omi AC náà máa ń kán, àmọ́ kò ní àwọ̀, kò sì yọ̀ lọ́wọ́.)
2. Ẹ wo ike kúláǹtì. Àárín ìlà MIN àti MAX ló yẹ kó wà.
3. Ẹ fa dípísíìkì ọ́ìlì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì) yọ. Tí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ yẹn mọ́, ẹ pe ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ.
4. Tí ọ́ìlì bá dáa tí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù, ẹ máa bu kúláǹtì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da á gbàà.
5. Tí kò bá sí kúláǹtì, ẹ lè lo omi, omi inú ike tẹ́ ẹ gbé mu náà á ṣe é. Ti pàjáwìrì nìyẹn o. Omi lásán ń mú irin dípẹtà, èyí tó bá wá láti ẹ̀rọ ń fi ìpẹ̀pẹ́ sílẹ̀ nínú rédíétọ̀, níbi tí òtútù bá sì ti pọ̀, ó lè dì sínú ẹ́ńjìnnì kó là á.
6. Ẹ dé e padà, ẹ sítáàtì, kẹ́ ẹ máa wo gáàjì àti abẹ́ ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìtíì gbéra.

Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ń jó geerege, ì báà jẹ́ sínú tàbí sí ara rẹ̀. Bí ife gíláàsì tó gbóná ṣe máa ń là tí wọ́n bá da omi tútù sí i, irin ẹ́ńjìnnì náà lè là bẹ́ẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù sì tètè máa ń wọ́.

Ṣé mo wá lè wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì?

Ó yàtọ̀ síra. Tó bá jẹ́ pé kúláǹtì kàn dín díẹ̀, tẹ́ ẹ ti bu sí i, tí gáàjì padà síbi tó máa ń wà, tí omi ò jò, ẹ lè rọra wà á lọ síbi tó sún mọ́ jù, AC ní pípa, ojú lórí gáàjì, tó bá tún ti gbéra lẹ dúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń bu ú ló ń jò dànù, tàbí èéfín funfun ń jáde láti sálẹ́ńsà láìdúró, tàbí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ti já, ẹ má wà á. Owó ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ lọ ò lè tó owó ẹ́ńjìnnì láéláé.

Ọkọ̀ oníbátìrì náà máa ń gbóná, nínú ọ̀pọ̀ wọn kúláǹtì ló ń tu bátìrì lára. Ìkìlọ̀ tí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ bá gbé jáde ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná tó lè pa èèyàn ló ń gba inú wọn.

Kí ló fà á? Ìgbà tó ń gbóná ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan, ẹ dáhùn ìbéèrè kan yìí: ìgbà wo ló máa ń gbóná?

*Ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó bá sáré gáàjì á wálẹ̀.* Ẹ fura sí fáànù. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń tu rédíétọ̀ lára, tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ sítáàtì ọkọ̀ ní àárọ̀, ẹ tan AC, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáànù iwájú gbọ́dọ̀ yí láàárín ìgbà díẹ̀. Tí kò bá yí, fíúùsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà rílè (ṣíwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù), lẹ́yìn náà wáyà, kó tó wá kan mọ́tò fáànù fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń ta fáànù tuntun fún èèyàn nígbà tó jẹ́ pé fíúùsì ló jó.

*Ó ń gbóná tó bá ń sáré tàbí tó ń gun òkè.* Kúláǹtì ò yí ká dáadáa tàbí rédíétọ̀ ti dí. Ẹ wo iwájú rédíétọ̀, kòkòrò, ewé àti ẹrẹ̀ lè ti dí i lójú, omi tó ń ṣàn wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lẹ máa fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára torí ó máa ń tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn wó. Ó tún lè jẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù (tó ń ti kúláǹtì yí ká) tàbí bẹ́líìtì tó ń yọ̀.

*Ó gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ sítáàtì rẹ̀.* Ó ṣeé ṣe kí tẹmósítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún kúláǹtì láti lọ sí rédíétọ̀) ti há. Ó yẹ kó máa ṣí láàárín nǹkan bíi 82°C sí 95°C, tí kò bá ṣí, kúláǹtì ò ní dé rédíétọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé rọ́bà òkè á gbóná gan-an, tìsàlẹ̀ á tutù. Ní báyìí ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn mẹkáníìkì kan á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn yọ tẹmósítáàtì dà nù pátápátá, pé kò wúlò. Ẹ má gbà. Ẹ́ńjìnnì tí ò ní i ò ní tètè gbóná dé ibi tó yẹ, á máa jẹ epo, inú rẹ̀ á sì máa tètè jẹ. Òmíràn ni kí wọ́n fi sí i.

*Kúláǹtì ń dín ṣùgbọ́n ẹ ò rí ibi tó ń jò.* Ẹ wo ibi tí wọ́n ti so àwọn họ́ọ̀sì, tí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti gbẹ mọ́ ọn, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ẹ fọwọ́ kan káàpẹ́ẹ̀tì lápá ẹsẹ̀ iwájú, tó bá tutù tó ń yọ̀ tí òórùn dídùn wà, rédíétọ̀ hítà ló ń jò. Ìdérí fúnra rẹ̀ lè ti bàjẹ́ tí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó, òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù.

*Gbogbo ìyẹn dáa, ó ṣì ń gbóná.* Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) lọ̀rọ̀ lè kàn. Àmì rẹ̀:

- ìfófòó ń jáde nínú ike kúláǹtì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́
- họ́ọ̀sì le gbagidi kété tẹ́ ẹ sítáàtì, kó tó tiẹ̀ gbóná
- èéfín funfun tó ń rùn dídùn ń jáde láti sálẹ́ńsà tí kò dúró bí ọkọ̀ tiẹ̀ ti gbóná
- ọ́ìlì funfun bíi mílíìkì

Tó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan ni funfun yẹn wà, ní ìgbà òtútù, tí ọkọ̀ ò sì máa ń rìn jìnnà, ó lè jẹ́ ìrì lásán. Kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí wọ́n fi omi àyẹ̀wò sí ẹnu rédíétọ̀, èyí tó jẹ́ búlúù tó máa ń di yẹ́lò tí gáàsì ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù bá ń wọ inú kúláǹtì. Àyẹ̀wò kékeré ni, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

- Bíbu omi sí i láràárọ̀. Ọkọ̀ tó ń mu omi lójoojúmọ́ ń jò níbì kan tàbí ó ń jó o, bíbu omi kì í ṣe títún un ṣe.
- Fífi àwọ̀ mú kúláǹtì. Pupa ilé iṣẹ́ kan lè má bá pupa òmíràn lọ, àwọ̀ ò ní òfin kankan. Ohun tí ìwé ọkọ̀ yín kọ ni kẹ́ ẹ rà.
- Kíkún ike kúláǹtì dé ẹnu. Kúláǹtì tó bá gbóná máa ń wú, kò ní rí ààyè.
- Lílo kúláǹtì ògidì láìpò ó. Kì í tu ẹ́ńjìnnì lára tó èyí tó dàpọ̀ mọ́ omi. Ìdajì sí ìdajì pẹ̀lú omi dísítíìlì ló wọ́pọ̀, àyàfi tí wọ́n bá kọ sí ara rẹ̀ pé wọ́n ti pò ó tán.
- Dída kúláǹtì sí ilẹ̀ tàbí fífi í sínú ike tí wọ́n fi ń mu nǹkan. Èyí tó ní ethylene glycol dùn lẹ́nu, májèlé ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ajá tàbí ológbò, ó sì lè pa ọmọdé. Tó bá dà sílẹ̀, ẹ fi omi fọ ibẹ̀ dáadáa.

Ìtọ́jú tó ń dènà gbogbo wàhálà yìí

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde, ẹ ṣe èyí:

- ẹ wo ìwọ̀n kúláǹtì nínú ike
- ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, tó bá ti di bráùn bí omi irin, ó ti tó fọ̀
- ẹ tẹ àwọn họ́ọ̀sì, èyí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀
- ẹ wo bẹ́líìtì bóyá ó ti là
- ẹ wo ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ sùn

Ní ti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ kúláǹtì, irú èyí tí wọ́n ń lò látijọ́ máa ń tó nǹkan bí ọdún 2, àwọn tuntun tó máa ń pẹ́ lè lò tó ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ọkọ̀ ló máa sọ. Tí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí tí wọ́n tú họ́ọ̀sì tàbí pọ́ǹpù, ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ó ti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ tó há sínú lè mú kí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe máa gbóná lọ́jọ́ kejì, èèyàn á wá rò pé iṣẹ́ burúkú ni wọ́n ṣe. Ẹ wo ike kúláǹtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, torí bí afẹ́fẹ́ tó kù ṣe ń jáde ni kúláǹtì á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un nígbà tó tutù. Tó bá ṣì ń dín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń jò, ẹ gbé e padà.